Ẹ Jẹ́ Kí Orin Náà Parí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin DJ Ìkòròdú

Ẹ̀yin DJ tí ẹ ń ṣeré lóde ní Ìkòròdú, láti Ògólóńtò dé Odógùnyàn, láti Ìgbógbó dé Ìmọ́ta, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ìnira epo jẹnẹrétọ̀. Mo tó ìyá bí púpọ̀ nínú yín, mo sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún àwọn yòókù. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìta Ẹlẹ́wà. Aṣọ ẹbí tí ẹ ń rí lójú agbo lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rán an. Ọ̀dọ̀ àwọn olóde kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ti ń jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ ó fetí sí mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ kí orin parí.

Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó fi orin kan sí i, àwọn èèyàn á pariwo ayọ̀ nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti àga sẹ́yìn, wọ́n á dìde. Wọn kò tíì na ẹsẹ̀ tán tí ẹ ó fi gé e, tí ẹ ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ìyẹn kò tíì délẹ̀ tí ẹ̀kẹta fi dé. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ ó tún máa kígbe orúkọ ara yín lé olórin lórí. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, a ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún orin, a kò sì gbọ́ òpin ẹyọ kan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú apá tí ẹ ń gé dànù yẹn. Ọ̀pọ̀ wa, inú orin ni a kó ọjọ́ ayé wa pamọ́ sí. Ẹlòmíràn kó ìyá rẹ̀ sí i, ẹlòmíràn kó ọ̀rẹ́ tó ti kú sí i, ẹlòmíràn kó yàrá kan tí wọ́n ti wó lulẹ̀ sí i. Ìgbà tí olórin bá sì ti wọ inú orin rẹ̀ dáadáa ni ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jáde.

Bàbá mi ní ẹ̀rọ àwo kan tó gbé sórí tábìlì ní pálọ̀. Ìró ìyá mi kan ló máa ń fi bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe lórí ẹ̀rọ yẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo tí ojú kan rẹ̀ kò bá tíì tán. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá àwo láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwo ńlá tí wọ́n ń pè ní LP, ojú rẹ̀ kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn olórin jùjú wa nígbà náà, Ebenezer Obey, Sunny Ade àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, máa ń jẹ́ kí orin kan wọ inú òmíràn láìsinmi títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín àwo. Gìtá ni wọ́n á kọ́kọ́ fi la ọ̀nà. Wọ́n á wúre, wọ́n á ki olówó, wọ́n á ki ọmọ olówó, lẹ́yìn náà ni ẹnu á dákẹ́, tí gángan á gba ọ̀rọ̀ sọ. Ibẹ̀ gan-an ni bàbá mi máa ń dìde. Kò jẹ́ jó ṣáájú ìgbà yẹn. Á jókòó, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, á máa dúró de gángan. Tí ìlù bá wá dá wà, á rọra gbé fìlà rẹ̀ gẹ̀gẹ̀, á dìde, ìyá mi á sì ti mọ̀ pé kí òun kúrò nídìí ohun tí òun ń ṣe kí òun wá pàdé rẹ̀ láàárín pálọ̀. Tó bá jẹ́ òde ti ìsinsìnyí ni, bàbá mi ì bá má dìde rárá.

Ẹ wo Sunny Ade fúnra rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé e jáde sí gbogbo ayé lọ́dún 1982 pẹ̀lú àwo Juju Music, wọ́n ké orin rẹ̀ kúrú kí ó lè bá etí àwọn òyìnbó mu. Síbẹ̀, Ja Funmi tó wà nínú àwo yẹn ṣì gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá gba ìṣẹ́jú méje. Àwa tí a gbọ́ ọ, tí a mọ ohun tí gángan ń wí, ẹ ń fún wa ní ìṣẹ́jú kan ní Ìkòròdú.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀lé olórin kiri. Ó ń ra ẹja ní Èbúté, ó ń yan án, ó ń tà á ní Sábó. Orin kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́ lára nínú gbogbo orin tí rédíò ń kọ, òun ni Ṣeun Rere tí Christy Essien-Igbokwe gbé jáde lọ́dún 1981. Ọmọ Ibibio ni obìnrin náà, láti ibi tí a ń pè ní Akwa Ibom lónìí, ṣùgbọ́n Yorùbá tó fi kọ orin yẹn dùn débi pé ìyá mi kò gbà fún ẹnikẹ́ni pé wọn kò bí i sí ilẹ̀ wa. Bí ó bá ń to ẹja sórí ààrò nírọ̀lẹ́, tí èéfín ń kó sí i lójú, á máa kọ ọ́, èmi àti àbúrò mi obìnrin á sì máa gbè é. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá mi máa ń fà gùn ju bí olórin ṣe fà á lọ, á yíjú sí wa, á na àmúga ọwọ́ rẹ̀ sí wa, ìgbà yẹn ló kàn wá. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orin yẹn níbikíbi, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀ BRT láti Máìlì 12, òórùn igi tútù àti ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi kí n tó rí ojú ìyá mi.

Nígbà tí Ọlọ́run pè é, a ṣe ìnáwó tó yẹ ẹ́. Mo lọ bá ọmọkùnrin tí a háyà láti wá lu orin, mo sọ fún un pé bí àwa ọmọ olóògbé bá ti ń jó wọlé, kí ó bá wa fi Ṣeun Rere sí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì ní ohun tó fi burú ju àwọn yòókù lọ. Ó fi orin náà sí i lóòótọ́. A jáde, a di ọwọ́ ara wa mú, a wọ àárín kánópì. Omi ti ń bọ́ lójú àbúrò mi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. A ń lọ, a ń súnmọ́ ibi tí màmá ti máa ń na àmúga sí wa, àbúrò mi ti ń wo ojú mi kí a lè jọ gbé e. Orin já. Ìlù mìíràn tó ń sáré bọ́ sójú agbo, ọmọkùnrin náà kígbe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Àbúrò mi dúró díẹ̀, ó lọ jókòó, kò sì jó mọ́ títí a fi tú ká.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ tún máa pé sójú kan ṣoṣo, nínú aṣọ kan náà, láti kọ orin yẹn fún un, kò sí i mọ́. Ohun tó jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹni tó ń lu orin, ohun tí a ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni fún àwa.

Mo lè bá yín sọ ti Fuji Garbage pẹ̀lú. Ọdún 1988 ni Àlàájì Síkírù Àyìndé Barrister gbé e jáde, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi nítòsí gáréèjì ni mo sì wà nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́. Àwọn dánfó tó ń lọ Máìlì 12 máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé nínú rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀gá mi ra tiwa. Obìnrin yẹn kì í wo aago. Kásẹ́ẹ̀tì ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ojú kan rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun ló fi ń díwọ̀n iṣẹ́ fún wa. “Kí ojú yìí tó tán, kí o ti ká etí aṣọ yẹn tán.” “Tí a bá yí i sí ìkejì, kí n rí kọ́là lọ́rùn búbá yẹn.” Títí di ìsinsìnyí tí mo bá jókòó ti ọrùn búbá, ohùn Barrister ni ọwọ́ mi ń tẹ̀lé. Mo mọ ibi tí ó ti máa ń mí. Mo mọ ibi tí dùǹdún ti ń dá a lóhùn. Ọdún kejìlélógún lẹ́yìn ìgbà náà, ní oṣù Disẹ́ńbà 2010, ni ó kú, mo sì rántí pé ọ̀gá mi, tó ti dàgbà gan-an nígbà náà, ránṣẹ́ pe àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí a wá kí òun kú àjálù, bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló lọ. A lọ kí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti Shina Peters kò gùn lẹ́nu mi. Lọ́dún 1989 tí Ace jáde, jùjú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, gbogbo Ìkòròdú ń jó, mo sì gba fírídọ̀mù mi láàárín ariwo yẹn. Inú mi dùn, n kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni Onyeka Onwenu àti Sunny Ade jọ kọ Wait for Me. Ètò ìfètòsọ́mọbíbí ló wà nídìí orin náà, wọ́n fi ń gba tọkùnrin tobìnrin níyànjú pé kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n má kánjú bímọ. Ọkùnrin tó wá di ọkọ mi ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Yàbá nígbà náà. Ó fẹ́ mi, kò sì tíì lówó. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún mi pé kí n dúró de òun. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó ti rédíò, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa lo orin náà, ó sì gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ó wọkọ̀ láti Yàbá dé Kétu, láti Kétu dé Ìkòròdú, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ó yí padà, ó lọ. Kò sọ ju “ẹ gbọ́ ọ dé ìparí” lọ.

Mo gbọ́ ọ dé ìparí. Níbẹ̀, lẹ́yìn tí ohùn àwọn olórin méjèèjì ti lọ tán, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan bọ́ sí i, ó kéde aago tó lù. Ọkọ mi kò tètè tẹ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n fún mi, apá kan orin náà nìyẹn. Ìlú tí wọ́n ri òpó Voice of Nigeria mọ́ ni mo gbé dàgbà, òpó tó ń gbé ohùn orílẹ̀-èdè yìí ré kọjá òkun, n kò sì rí ohùn kankan tó tíì wọ̀ mí lára tó ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn. Ó jẹ́ kí n mọ wákàtí náà gan-an tí ẹnì kan jókòó ti rédíò nítorí mi. Mo dúró dè é. Nígbà tí Onyeka kú ní ọjọ́ 30 oṣù Júláì 2024, lẹ́yìn tó kọrin níbi ọjọ́ ìbí kan ní Èkó, ọkọ mi lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde. A pa tẹlifíṣọ̀n, a jókòó, a gbọ́ ọ títí dé ibi tí wọ́n ti kéde aago.

Ẹ lè sọ pé, “Màmá, ti àwọn àgbà nìyẹn, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù fún orin gígùn.” Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń gbé. Akọ́bí mi ọkùnrin wà níléèwé girama nígbà tí 9ice gbé Gongo Aso jáde lọ́dún 2008. Ó ní kí n jókòó kí n gbọ́ ọ, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí á fi tán. Mo jókòó. Òwe àti Yorùbá àtàtà ni ọmọ náà fi ń da orin, inú mi dùn pé irú rẹ̀ ni ọmọ mi ń gbọ́. Canada ni ó wà báyìí. Lọ́jọ́ Sunday mìíràn, tó bá ń dáná níbẹ̀, á pè mí lórí fídíò, á gbé fóònù ti ara ògiri, orin yẹn á máa lọ lẹ́yìn rẹ̀, a ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ sì rántí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2023. Ìlú wa yìí ni wọ́n sin Mohbad sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ sọ pé wọn kò ní sùúrù, gbé orin rẹ̀ sí i láti àárọ̀ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù títí di ìgbà tí a palẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó gé ọ̀kankan nínú wọn. Bí ọ̀kan bá parí, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí òmíràn tó wọlé. Nígbà tí ọkàn wọn gbọgbẹ́, odindi orin ni wọ́n ń fẹ́. Púpọ̀ nínú orin ìwòyí kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ; kí ló wá wà níbẹ̀ tí a ó tún máa gé?

Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù: ẹ kò fẹ́ kí agbo tutù. Mo ti ń wo agbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí mo máa ń fẹ́ mọ bí aṣọ mi ṣe jókòó sí ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Gígé yín gan-an ló ń mú kí àwọn èèyàn jókòó. Àgbàlagbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ ń fẹ́ àyè díẹ̀ kó tó mọ ibi tí ìlù wà. Ó mọ̀ ọ́n tán báyìí, ẹ ti gbé ìlù lọ. Ẹni tó fẹ́ náwó fún olóde kò tíì tú ìdì owó rẹ̀ tí ẹ ti yí orin padà. Ìyàwó tuntun tó fẹ́ gbórí lé ọkọ rẹ̀ láyà kò tíì fẹ̀yìn tì í dáadáa. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá àga rẹ̀ lọ, a ò sì ní rí i mọ́ lójú agbo lálẹ́ ọjọ́ náà.

N kò ní kí ẹ má po orin pọ̀ rárá. Ọgbọ́n ọwọ́ ni, tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn ọ̀dọ́ gba ojú agbo, mo máa ń fẹ́ràn láti wo bí ẹ ṣe ń mú ìlù kan wọ inú òmíràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣùgbọ́n orin tí ọmọ olóògbé fi ń jó wọlé, orin tí tọkọtìyàwó kọ́kọ́ jó pọ̀, orin tí ẹni tó pé àádọ́rin ọdún fi gúnlẹ̀ síwájú ẹbí rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Gbogbo wa ti mọ orúkọ yín, ó wà lára bánà.

Ẹ sì máa béèrè kí ọjọ́ tó kò. Bí mo ṣe máa ń kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti apá oníbàárà sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe máa kọ orin olóde sílẹ̀. Ẹ pè é, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orin wo ni màmá fẹ́ràn? Apá ibo ni ẹ fẹ́ kí gbogbo ẹbí jọ kọ?” Ẹ ó rí i pé yóò dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù kó tó dáhùn. Ẹ fún un láyè.

Ohun kan tún wà tí mo mọ̀ pé ó ń dí yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gé e kúrú, tàbí kí ohùn rẹ̀ máa ha. Páálí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi, tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lù wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. DJ tó bá fẹ́ gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdé, torí láti Wẹ́sìdé lọ, aṣọ Sátidé kì í jẹ́ kí n gbórí sókè. N kò gba kọ́bọ̀. Kó ṣáà wá ní àsìkò tí kò ní máa kánjú, torí ojú kásẹ́ẹ̀tì kan lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè gba márùndínláàádọ́ta, a ó sì jọ gbọ́ ọ tán ni.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.